Ọmọ-Ọba Ajagun tí Ó Ń Gbá Kírikẹ́ẹ̀tì, àti Ìbéèrè Ọmọdé Kan

Àwọn àgbà a máa wí pé, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Gbogbo wa tí a ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni a mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á nígbà tí ó bá wù wá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọmọdé bá gbọ́n jù wá lọ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, òwe náà a máa sá kúrò lẹ́nu wa. Ọ̀kan nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ ẹni lè di ẹ̀kọ́ fún un. Èyí tí a bò mọ́lẹ̀ kì í ṣe ju kí ó máa jẹrà lọ.

Ìkẹjà ni à ń gbé, ní apá ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ nígbà àwọn òyìnbó fún ilé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn sì ń pè ní G.R.A. títí di òní. Ẹni tí ó bá ti Agége bọ̀, tí ó gba ojú ọ̀nà Ọba Akran kọjá láàrin àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, tí ariwo ọkọ̀ àti ti ẹ̀rọ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di í létí, yóò mọ̀ ní kété tí ó bá wọ àdúgbò wa. Igi ṣíji bo ọ̀nà, ọgbà yí ilé ká, a sì lè gbọ́ ohùn ẹyẹ ní òwúrọ̀, àfi nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú bá ń fò kọjá. Ibẹ̀ ni ilé ìsìn tí a kọ́ ní ìrántí Vining wà, ẹni tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà àkọ́kọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1951 títí ó fi kú ní 1955. Ibẹ̀ pẹ̀lú ni ojú ọ̀nà tí a fi orúkọ Adékúnlé Fájuyì sọ wà; a óò padà sórí orúkọ yìí kí a tó dákẹ́.

Ní agbègbè yìí kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan wà, èyí tí a kò ní dárúkọ, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìwé Mímọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó ní pápá koríko dáradára, olùkọ́ eré ìdárayá ibẹ̀ sì fẹ́ràn kírikẹ́ẹ̀tì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní eré yìí. Kírikẹ́ẹ̀tì ti pẹ́ láàrin wa ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ní 1904 ni Èkó ti bá Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, díje nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 sì ni àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin Nàìjíríà, tí ọjọ́ orí wọn kò ju ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ, borí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin New Zealand ní Màléṣíà, nínú ìdíje gbogbo ayé.

Fún àwọn òǹkàwé wa tí kò mọ eré náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé díẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń ṣe é, ènìyàn 11 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. A ó ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ó sì fi igi kéékèèké méjì lé wọn lórí. Ẹni tí ó di pákó mú a dúró níwájú igi wọ̀nyí bí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ibodè. Ẹlòmíràn a sáré wá, a ju bọ́ọ̀lù líle sí i, kí ó lè wó igi náà lulẹ̀. Bí ẹni tí ó di pákó bá gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ a sáré pààrọ̀ ààyè, iye ìgbà tí wọ́n bá sì sáré ni iye ayò tí ẹgbẹ́ wọn jẹ. Bí a bá wó igi rẹ̀, tàbí bí ẹnìkan bá hán bọ́ọ̀lù tí ó gbá kí ó tó kan ilẹ̀, dandan ni kí ó jáde. Onídàájọ́ méjì ni ó ń dúró láàrin pápá. Wọn kò gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan, ọ̀rọ̀ wọn sì ni abẹ gé.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà nínú eré yìí tí ó ga ju òfin rẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn bọ́ọ̀lù a rọra kan etí pákó, a sì ṣe bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó hán an, tí onídàájọ́ kò sì gbọ́. Ẹni tí ó di pákó nìkan ni ó mọ̀, nítorí ó gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́lá nínú eré náà kì í dúró de ìdájọ́; wọn a fi pákó há abíyá, wọn a sì máa lọ. Ẹ̀rí-ọkàn wọn ni ó lé wọn jáde.

Èyí gan-an ni kò ṣẹlẹ̀ ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ọjọ́ kan tí ilé méjì nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà ń díje. Bọ́ọ̀lù kan pákó ọmọkùnrin kan. Gbogbo àwọn tí ó wà nítòsí gbọ́ ọ, onídàájọ́ nìkan ni kò gbọ́. Ọmọ náà dúró gbọn-in. Ó gbá bọ́ọ̀lù títí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi borí, ìjà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ibẹ̀ dìde. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rán sí wa pé kí a wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ní àpéjọ òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé lórí ìwà òtítọ́ nínú eré.

Ẹ̀yin olùkọ́ni mọ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń rí. A kò fẹ́ fi Òfin Mẹ́wàá nìkan bá wọn wí. A ń wá ènìyàn kan tí ó gbé ayé, tí ó di pákó mú, tí a lè fi ṣe àwòkọ́ṣe. Nígbà náà ni a rántí ìtàn ọmọ-ọba kan tí a ti kà nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ìjọ, tí ó sì wù wá lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ìgbà èwe wa. Christian Victor ni orúkọ rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, ọdún 1867, ni a bí i ní ààfin Windsor. Helena, ọmọbìnrin Ọbabìnrin Fikitóríà, ni ìyá rẹ̀. Baba rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ-ọba láti Schleswig-Holstein. Dípò kí a mú olùkọ́ wá bá a ní ààfin, bí a ti í ṣe fún àwọn ọmọ ọba, a rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Wellington láàrin àwọn ọmọ mìíràn, ó sì di olórí ẹgbẹ́ kírikẹ́ẹ̀tì wọn. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Oxford, lẹ́yìn náà ó lọ sí Sandhurst níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, ó sì di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí à ń pè ní King's Royal Rifle Corps ní 1888.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1887, ní Scarborough, ó wà nínú ẹgbẹ́ I Zingari tí ó bá àwọn Gentlemen of England díje. Ó jẹ ayò 35 ní ìgbà kìn-ín-ní. Ní ìgbà kejì a lé e jáde láìjẹ ayò kan ṣoṣo. Ìdíje yìí ni ó mú kí a máa kà á sí ẹnìkan ṣoṣo nínú ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó tíì gbá kírikẹ́ẹ̀tì ní ipò tí ó ga jùlọ. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ-ọmọ ọbabìnrin jáde láìjẹ ayò, inú wa sì dùn, nítorí ibẹ̀ ni a fẹ́ mú wọn dé. A wí fún wọn pé, “Ẹ ò rí i? Igi mẹ́ta náà kò mọ ọmọ ọba yàtọ̀ sí ọmọ tálákà. A lé e, ó sì lọ.”

A tún sọ fún wọn pé nígbà tí ó wà ní Íńdíà, ó jagun ní àwọn òkè ìhà àríwá ilẹ̀ náà ní 1891 àti 1892. Àti pé ní 1893, ní Rawalpindi tí ó wà ní ilẹ̀ Pakistan nísinsìnyí, ó jẹ ayò 205 nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ ń bá ẹgbẹ́ Devonshire díje. Ẹni tí ó bá jẹ 100 ni a ti ń pàtẹ́wọ́ fún. Kí ni kí a ti wá wí nípa ẹni tí ó jẹ ìlọ́po méjì rẹ̀ lé márùn-ún? Lẹ́yìn èyí ni a wí lọ́rọ̀ kan pé, “Ní 1895 ó bá àwọn ọmọ ogun wá sí ìhà tiwa níhìn-ín, sí Gold Coast, wọ́n sì ṣẹ́gun Prempeh ọba Àṣáǹtì,” a sì fẹ́ kọjá lọ sí ogun Sudan.

Nígbà náà ni ọmọkùnrin kékeré kan ní ìlà ẹ̀yìn na ọwọ́ sókè. A fún un láàyè. Ó wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, Bàbá Katikísì. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Prempeh, ta ni ó ṣe onídàájọ́?”

Gbogbo àpéjọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, a kò fẹ́ fi òtítọ́ pamọ́ fún yín: inú bí wa. A rò pé ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn olùkọ́. A wí fún un pé ogun kì í ṣe eré, pé ẹni tí kò ní ọgbọ́n ni ó ń bèèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì ní kí ó lọ dúró lẹ́bàá ògiri lóòrùn títí a ó fi parí ọ̀rọ̀ wa. Ó lọ. Kò sunkún, kò sì ráhùn. A parí ọ̀rọ̀ wa, wọ́n pàtẹ́wọ́, a sì padà sílé.

Ṣùgbọ́n oorun kò kùn wá ní òru ọjọ́ náà. Ìbéèrè ọmọ náà wọ inú ilé tọ̀ wá wá, ó sì jókòó. Ta ni ó ṣe onídàájọ́? A dìde, a tan iná, a bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ìwé wa. Ohun tí a rí níbẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun sí wa. A ti kà á rí, a sì ti fò ó kọjá. Èyí ni ó mú kí ojú tì wá jùlọ.

Ìtàn náà nìyí. Ní 1874 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti wọ Kùmásì, wọ́n sun ún níná, wọ́n sì bu owó ìtanràn wúrà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ áúnsì 50,000 lé àwọn Àṣáǹtì lórí. Ní 1888 Prempeh gun orí ìtẹ́, ọ̀dọ́mọdé ni, ogun abẹ́lé sì ti tú ilẹ̀ náà ká. Ní 1891 wọ́n ní kí ó wá sábẹ́ ààbò Ọbabìnrin; ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òun fẹ́ jẹ́ ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n òun kò ní sìn. Ó rán àwọn ikọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ ṣàlàyé ara rẹ̀, ìjọba ibẹ̀ sì kọ̀ láti gbà wọ́n. Ní òpin ọdún 1895 ni àwọn ọmọ ogun gbéra láti Cape Coast, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Francis Scott sì ni olórí wọn.

Nígbà tí a kan orúkọ Scott, a gbé ìwé náà kalẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni àwa, orúkọ náà kò sì ṣàjèjì sí wa. Scott yìí kan náà ni ó kó ọmọ ogun wá bá àwọn baba wa ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, tí a sì jà ní Ìmagbọn. Àwọn Ìjẹ̀bú dúró, wọ́n jà, ìbọn ayára-bí-àṣá àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gé wọn lulẹ̀ bí ẹni ń gé koríko. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí àgbàlagbà kan ní ìdílé wa bá fẹ́ sọ pé ohun kan burú kọjá ààlà, yóò wí pé ó dà bí Ìmagbọn. Àwa tí a gbọ́ èyí láti kékeré ni a wá dúró níwájú ọmọ ènìyàn, tí a ń fi ogun ọkùnrin kan náà ṣe ọ̀ṣọ́ sí ìtàn wa.

Prempeh kò jà ní tirẹ̀. Ó rántí iná 1874, ó sì pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni má ṣe yìnbọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní, ọdún 1896, àwọn ọmọ ogun wọ Kùmásì láìsí ìjà, ọba sì jókòó láàrin àwọn ìjòyè rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn, ó ń wò wọ́n. Ní ọjọ́ 20, Gómìnà Maxwell jókòó, Scott sì jókòó tì í. Wọ́n ní kí ọba wá túúbá. Prempeh àti ìyá rẹ̀, Yaa Akyaa, ìyá-ọba ilẹ̀ náà, kúnlẹ̀, wọ́n sì di ẹsẹ̀ àwọn òyìnbó náà mú lójú gbogbo ènìyàn wọn. Lẹ́yìn èyí Gómìnà bèèrè wúrà 50,000 áúnsì náà. Ọba wí pé òun yóò san díẹ̀ nísinsìnyí, òun yóò sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Gómìnà kọ̀, ó sì pàṣẹ kí a mú un, àti ìyá rẹ̀, àti baba rẹ̀, àti àwọn ìjòyè ńlá, kí a kó wọn lọ sí etí òkun ní ìgbèkùn. A kó ẹrù ààfin, a sì dáná sun ilé ìsìnkú àwọn ọba ní Bantama.

Ẹ̀yin olùkọ́ni tí ẹ ní ẹgbẹ́ Síkáòtù ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé Baden-Powell, tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, wà nínú ogun yìí pẹ̀lú. Ẹlòmíràn tí ó bá wọn jáde ni Henry ọmọ-ọba Battenberg, ọkọ ọmọbìnrin Ọbabìnrin Fikitóríà tí ó kéré jùlọ. Ibà mú un lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń gbé e padà. Ó kú lórí ọkọ̀ ojú omi ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní kan náà, ọjọ́ tí a mú Prempeh gan-an. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, obìnrin kan di opó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyá àti ọmọ sì di ìgbèkùn ní ilẹ̀ Àṣáǹtì. Ẹ̀fọn tí ó fa ibà náà kò ka ẹni tí ó jẹ́ àna ọba sí. Kò sí ẹni tí ó tilẹ̀ mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ni, nítorí 1897 ni Ronald Ross tó rí i.

Ta ni ó ṣe onídàájọ́ nígbà náà? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹni tí ó di pákó mú ni ó ṣe é. Òun ni ó ju bọ́ọ̀lù, òun ni ó hán an, òun ni ó wí pé, “Jáde.” Ọmọ tí a rán lọ sóòrùn ti rí i ní ìṣẹ́jú kan, ohun tí àwa kò rí ní ogún ọdún. Nínú eré tí ọmọ-ọba náà fẹ́ràn, ènìyàn lè dá ara rẹ̀ lẹ́bi, wọn a sì yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dá ara rẹ̀ láre, kí ó sì pe èyíinì ní ìdájọ́.

A rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́ bóyá ó tọ́ kí a gbé ẹ̀bi yìí lé Christian Victor lórí. Òun kọ́ ni ó pàṣẹ. Ọmọ ọdún 28 ni, ọ̀gá kékeré lábẹ́ àwọn ọ̀gá ńlá, ó sì ti búra láti gbọ́ràn. Kò dára kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba kan di ẹrù ru ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Síbẹ̀ a kò lè wí pé kò kàn án. Ẹni tí ó mọ̀ nínú pápá koríko pé kò tọ́ kí ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù ṣe onídàájọ́ ara rẹ̀, ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n ní Kùmásì. Ìwà rere tí ó mọ sí inú pápá dà bí aṣọ ìlékè tí a ń wọ̀ lọ sí ilé Ọlọ́run nìkan. Bí a bá bọ́ ọ sílẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, kí ni a fi bo ara?

Bí ayé rẹ̀ ti parí yẹ kí ó mú àánú ṣe wá. Ní 1898 ó wà nínú ogun Sudan lábẹ́ Kitchener. Nígbà tí ogun bẹ́ láàrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Búà ní Gúúsù Áfíríkà ní 1899, ó lọ, ó sì wà lára àwọn tí ó jà títí a fi tú Ladysmith sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó dó tì í, ní oṣù kejì ọdún 1900. Ìbọn kò bà á. Omi àìmọ́ ni ó pa á: ibà táífọ́ọ̀dù mú un ní Pretoria, ó sì kú ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá, ọdún 1900, ní ọmọ ọdún 33. Nínú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bí 22,000 tí ó kú nínú ogun náà, àwọn tí àrùn pa ju àwọn tí ìbọn pa lọ. Pretoria ni a sin ín sí, kò sì padà sílé mọ́. Kò ní aya, kò ní ọmọ. Ìyá rẹ̀ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ọbabìnrin Fikitóríà, ìyá-ìyá rẹ̀, sì kú kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Ní ọdún 1900 kan náà ni a kó Prempeh lọ sí erékùṣù Seychelles, láàrin Òkun Íńdíà, lẹ́yìn tí ó ti wà ní Elmina àti Sàró. Níbẹ̀ ni ó kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí a kọ ìtàn àwọn ọba Àṣáǹtì sílẹ̀ ní 1907, kí ó má baà parẹ́. Níbẹ̀ ni ó sì ti gba ìrìbọmi nínú Ìjọ Áńgílíkà, ìjọ tiwa yìí, tí a sọ ọ́ ní Edward. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ìjọ tí àwọn tí ó mú un ń lọ ni ó wọ̀. Ó tẹ́wọ́ gba oúnjẹ mímọ́ kan náà tí Christian Victor ti gbà ní Windsor. Ìyá rẹ̀ kú síbẹ̀ ní 1917. Ní 1924, lẹ́yìn ọdún 28, wọ́n dá a padà sí Kùmásì. Àgbàlagbà onírun funfun ni ó sọ̀kalẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì sunkún ayọ̀. Ó kú ní 1931. Ní 1935 ni a tún dá oyè Asantehene padà fún ẹni tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ìgbà tí a ti gba ojú ọ̀nà Adékúnlé Fájuyì kọjá, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, bí a ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, a dúró ní etí rẹ̀. Fájuyì náà jẹ́ ọ̀gá ológun. Ọmọ Adó-Èkìtì ni, a bí i ní 1926. Ó gba àmì ẹ̀yẹ akọni nítorí ìwà rẹ̀ ní Kóńgò, ó sì di gómìnà ológun fún Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1966. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún náà, Ògágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba, wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn bí àlejò. Àwọn ọmọ ogun wá mú àlejò náà. Àlejò àti onílé ni a jọ pa. Ìtàn tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń sọ ni pé Fájuyì kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, kí òun sì yè. A kò rí i kà níbìkan pé ó gbá kírikẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, bí a bá bi wá pé kí ni ẹni tí ó fi pákó há abíyá tí ó sì ń lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e, ojú ọ̀nà náà ni a ó tọ́ka sí.

Ní àpéjọ Ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, a bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí ó fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A pe ọmọ kékeré náà jáde, ó ń gbọ̀n, nítorí ó rò pé ìjìyà rẹ̀ kò tíì tán. A dúró tì í, a sì sọ ìtàn Kùmásì fún gbogbo wọn láìfi ohun kan pamọ́, títí kan Ìmagbọn. A wá yíjú sí i, a wí pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ìbéèrè tí o bi wá tọ̀nà. Àwa ni a ṣẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan pákó wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, gbogbo yín gbọ́ ọ, a sì dúró gbọn-in. Dárí jì wá.”

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó wí pé, “Kò tọ́ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ ṣé, sà.” Lẹ́yìn tí ó dìde, ó tún bèèrè, nítorí ọmọ abìbéèrè kì í yé bèèrè, pé, “Bàbá, ṣé kí a má gbá kírikẹ́ẹ̀tì mọ́ ni?” A dá a lóhùn pé rárá. Pákó kò ṣẹ̀, pápá kò sì ṣẹ̀. Ẹ máa gbá a. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá kọ́ níbẹ̀, ẹ gbé e jáde kúrò nínú pápá, ẹ gbé e lọ sí ọjà, sí ọ́fíìsì, sí ààfin, àti sí ogun bí ó bá di pé kí ẹ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí a jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn ọgbà. Ọmọkùnrin tí ó dúró gbọn-in níjọ́sí ni. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sì gbójú sókè. Ó wí pé, “Bàbá, mo gbọ́ ọ. Ó kan pákó mi.” A bi í ta ni ó rán an. Ó ní kò sí ẹni tí ó rán òun. A ní kí ó lọ sọ ọ́ fún olórí ẹgbẹ́ kejì. Ó ní òun ti ibẹ̀ bọ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú iṣẹ́ ìkọ́ni, èyí ni a kọ́. Ìwàásù wa àkọ́kọ́ dùn létí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n kò mú ẹnikẹ́ni wá sí ẹnu ilẹ̀kùn wa. Ìjẹ́wọ́ wa ni ó mú un wá. Ìtàn tí a gé apá kan rẹ̀ sọnù dà bí òṣùwọ̀n èké, ohun ìríra sì ni lójú Olúwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọba ni a fi wọ̀n. Nítorí náà, nígbà tí ọmọdé ní ìlà ẹ̀yìn bá na ọwọ́ sókè, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ gbọ́ ọ kí a tó fi oòrùn jẹ ẹ́ níyà. Ó lè jẹ́ pé òun ni onídàájọ́ tí a kò rí ní Kùmásì.